Àmì Àgbélébùú Lábẹ́ Ọ̀dà

Ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin náà fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró nígbà tí Bánkọ́lé kọ́kọ́ rí i. Láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrìò ló ti ń já bọ̀, ó gbé kúlà àjẹsára kọ́ èjìká, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó sì fi àtẹ́lẹ̀ bàtà tẹ táyà bí ẹni tẹ orí ejò. Òórùn rọ́bà tó ń jó ló kọ́kọ́ dé ìsọ̀ Bánkọ́lé. Lẹ́yìn náà ni adìẹ méjì fò, bàbá kan tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ kó sínú gọ́tà, ọmọbìnrin náà sì wọ inú òkìtì táyà àlòkù tó wà níwájú ìsọ̀, ó jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n gbé àga fún.

Bánkọ́lé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde kó tó gbé ẹni tó ni ín, èyí sì dun ọmọbìnrin náà ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó bó lọ. Ó fún bíréèkì, ó tún un fún, ó bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà kékeré tó yẹ kó di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Rọ́bà náà ti jẹ tán, irin ló kù.

"Ta ló ń bá yín yẹ kẹ̀kẹ́ yìí wò?" ló bi í.

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run ò ní sípánà. Ẹ ò ní gùn ún kúrò níbí."

Ọmọbìnrin náà fa ìbínú yọ. Ó ní Ọlájùmọ̀kẹ́ ni òun ń jẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera ni òun, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti pé jọ sí abúlé kan lọ́nà Ìkọ́gòsì, bí yìnyín inú kúlà bá sì yọ́, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bánkọ́lé kò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde, ó fún un. Jùmọ̀kẹ́ gbà á, kò dúpẹ́, ó gùn ún lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń sá kòkó ní òdìkejì títì wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó ní kẹ̀kẹ́ yẹn yóò padà wá, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú pé ọkàn ẹni tó ni ín yóò bá a padà.

Ẹ ò rí i pé ẹnu àgbà kì í sábà tàsé. Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ dé lọ́sàn-án, bíréèkì ti mú, Bánkọ́lé sì ní kó jókòó kóun kọ́ ọ ní ohun tí wọn kì í kọ́ni nílé ìwé. Ó ní kó tó gùn ún láràárọ̀, kó fún bíréèkì, kó sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú wò bóyá yóò dúró. Kó fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Kó gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, kó jù ú sílẹ̀, kó gbọ́ bóyá nǹkan ń mì jẹ̀ẹ̀rẹ̀jẹ̀ẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú aṣọ funfun kan, ó fi nu irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, èyí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní fọ́ọ̀kì.

"Bí irin bá sán, ojú lè má rí i," ló wí. "Ṣùgbọ́n yóò fa òwú aṣọ yọ. Aṣọ funfun kì í purọ́."

Ó fún un ní aṣọ náà. Ẹ̀bùn tó kọ́kọ́ fún un nìyẹn. Àwọn mìíràn a máa fún obìnrin ní lọ́fínńdà, aṣọ ìnukẹ̀kẹ́ ni tiwọn, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bánkọ́lé, Iléṣà ló ti kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróò ti fò sókè ni àwọn ará oko ti ń gbé kẹ̀kẹ́ bàbá wọn jáde láti òkè àjà, iṣẹ́ sì ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní. Kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ bá ti sán, yóò mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, yóò fi họ àmì àgbélébùú sórí ibi tó sán, yóò yọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, yóò sì gbé e kọ́ òkè. Kò ní kúrò ní ìsọ̀ títí wọn yóò fi pààrọ̀ irin náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, àlùfáà kan tilẹ̀ bá a sọ ọ́, kò gbà. Ó ní òun kò fẹ́ jẹ oúnjẹ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́ ń gba ìsọ̀ yẹn kọjá lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀nà kò bá gba ibẹ̀ pàápàá, yóò gba ibẹ̀. Bánkọ́lé ń pè é ní Nọ́ọ̀sì mi, òun náà ń pè é ní Ọ̀gá Sípánà. Lọ́jọ́ kan ó tú nọ́ọ̀tì kan fúnra rẹ̀ kí Bánkọ́lé lè rí ohun tún ṣe. Bánkọ́lé wo nọ́ọ̀tì náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe pé ó jẹ. Wọ́n tú u ni."

"Ta ló máa tú u?"

"Ẹni tó bá fẹ́ rí mi. Ìfẹ́ mi, má tú kẹ̀kẹ́ mọ́. Máa wá lásán."

Ìfẹ́ ti wọ Jùmọ̀kẹ́ lára nìyẹn, kò sì fi í pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Ọládèjì ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé, tó sì padà sílé ní Èrìò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì ló ní, Jùmọ̀kẹ́ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Akínwálé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Bàbá ní òun kò rán ọmọ níwèé kó lè lọ máa fọ aṣọ olóyìlì. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi fà á. Akínwálé ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí bàbá fi rọ̀, tó ní kí Bánkọ́lé kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá lẹ́yìn Àjíǹde kí ìdílé méjèèjì mọ ara wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà ni nǹkan yí.

Akínwálé gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Aràmọkọ. Nígbà tó ń bọ̀, ọlọ́kadà kan gbá a létí afárá, ó fò wọ inú igbó, ó sì dìde láìfi nǹkan kan ṣèṣe ju orúnkún tó bó lọ. Gbogbo ilé dúpẹ́. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún Bánkọ́lé. Jùmọ̀kẹ́ kò sí nílé, wọ́n ti rán an lọ sí Ìjerò fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ.

Lójú lásán, kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bánkọ́lé fi aṣọ nu ọrùn fọ́ọ̀kì, aṣọ dúró. Òwú kan há sára irin. Ó gbé e sínú oòrùn, ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ó họ àmì àgbélébùú sí i, ó yọ ẹsẹ̀ iwájú, ó gbé e kọ́, ó sì ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ fún fọ́ọ̀kì tuntun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá Ọládèjì wá. Ó ní ìdúpẹ́ Akínwálé di ọjọ́ Ìsinmi, òun sì fẹ́ kí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ yẹn wọ ilé Ọlọ́run kí ìjọ rí ohun tí Olúwa yọ ọmọ òun nínú rẹ̀. Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀. Ó ṣàlàyé, ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó fi àmì náà hàn án. Bàbá wọ awò ojú, ó fi ìka kàn án, ó ní òun ti rí i.

"Títì la máa tì í," ni bàbá wí. "Ẹnikẹ́ni kò ní gùn ún. Àbí o kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ọmọ mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá pè é ní ọmọ mi. Ọkàn Bánkọ́lé ní rárá. Ẹnu rẹ̀ ní, "Ó dáa, sà." Ó dá ẹsẹ̀ iwájú padà, ó ti kẹ̀kẹ́ jáde fún wọn. Inú ń bí mi sí i níbi tí mo wà yìí, síbẹ̀ mi ò lè dá a lẹ́bi tán. Nílẹ̀ wa níbí, ta ni ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ tọrọ ọmọ, tí yóò wo ojú bàbá ọmọ kó sọ fún un pé òun kò fún un ní kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ti ilé rẹ̀?

Ojú ti bàbá láti ti kẹ̀kẹ́ tó ti họ yánnayànna wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá gbé e fún ọlọ́dà. Ọlọ́dà fi pọ́tì tó ń le bí símẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó họ, ó kùn ún ní pupa, ó ń dán. Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ dé láti Ìjerò lọ́sàn-án Sátidé, ó bá a ní pálọ̀, ó rò pé Bánkọ́lé ti tún un ṣe tán, inú rẹ̀ dùn. Ó mú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi nu fọ́ọ̀kì láti òkè dé ilẹ̀. Aṣọ lọ geere. Ó sọ fún Akínwálé pé ó ti dáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó jẹ́rìí. Adùn ọ̀rọ̀ gbé e, ó ní bí Olúwa ṣe pa ọmọ òun mọ́ náà ló pa kẹ̀kẹ́ mọ́, kò ní àléébù kankan. Ìjọ hó yèè. Nígbà tí ìsìn parí, Akínwálé gun kẹ̀kẹ́ náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá la ẹnu. Ó wo ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí níwájú wọn, ó sì pa ẹnu dé.

Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni fọ́ọ̀kì ti já. Bánkọ́lé ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun ló gbé orí Akínwálé lé itan. Ọkọ̀ tó gbé e kò tíì dé Aràmọkọ tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, bàbá rẹ̀ ló sì sin ín.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bi bàbá léèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wá, ó ní láti ìsọ̀ Bánkọ́lé ni. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Òtítọ́ ni, irọ́ sì ni. Ìlú sọ ìyókù fúnra wọn.

Jùmọ̀kẹ́ wá sí ìsọ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Kò jókòó. Ó ju aṣọ funfun náà lé Bánkọ́lé lẹ́sẹ̀.

"O ní kì í purọ́. Mo fi nu ún. Mo sọ fún àbúrò mi pé ó dáa."

Bánkọ́lé fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Bàbá Ọládèjì létí títì, tó ń dúró de ọmọ kan tó kù fún un, tó fara ti igi, tí ó dàbí ẹni pé ó ti fi ogún ọdún darúgbó sí i. Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu.

"Èmi ni mo jẹ́ kó kúrò níbí," ló wí. "Má bínú, Jùmọ̀kẹ́."

Ìjẹ́wọ́ ni Jùmọ̀kẹ́ pè é. Ó lọ.

Oṣù méje. Àwọn oníbàárà ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí Ẹ̀fọ̀n, bó ti jìnnà tó, tó sì jẹ́ òkè. Àwọn kan ń tutọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá. Fọ́ọ̀kì tuntun tó ti Àkúrẹ́ dé wà níbẹ̀ nínú bébà rẹ̀, Bánkọ́lé kò tú u. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló ń kí i láràárọ̀ pé, "Ẹ kú uṣẹ́ o," bí kò tilẹ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Jùmọ̀kẹ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí abúlé, ó sì ti rù. Ó kórìíra Bánkọ́lé ní ọ̀sán, ó sì ń sunkún rẹ̀ bó bá ń dáná, kò sì mọ èyí tó ti òun lójú jù nínú méjèèjì.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló tú àṣírí. Wọ́n ń pariwo kiri lọ́jọ́ kan, bàbá sì yára ní kí Jùmọ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ yẹn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kó kúrò nílé. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé gbé e. Òjò ti pa á, ọ̀dà pupa ti ń bó níbi tó já. Ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ nu ibẹ̀ láìrò ó. Nǹkan kan ha á níka. Ó mú ọ̀bẹ, ó họ ọ̀dà náà kúrò, ó họ pọ́tì abẹ́ rẹ̀.

Àgbélébùú tí fáìlì họ ló rí, ibi tí irin já sí là á sí méjì.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò wá ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Ó mọ ohun tí àmì yẹn ń sọ: Bánkọ́lé ti rí i, ó ti gbé e kọ́ òkè, ẹnìkan ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì kùn ún. Ó rántí bí bàbá ṣe yára fẹ́ kó kúrò nílé, ó sì mọ ẹni tó gbé e lọ fún ọlọ́dà. Ó já fọ́ọ̀kì náà yọ, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e ka orí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo iyán.

Bàbá ti àwo iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó fi hàn mí," ló wí. "Mo fi ìka mi kàn án. Mo ní títì la máa tì í. Mo wá ti jẹ́rìí tán pé kò ní àléébù, ojú sì tì mí láti sọ fún ọmọ mi níwájú ìjọ pé kó sọ̀kalẹ̀. Jùmọ̀kẹ́, ìtìjú lásán ni. Ìtìjú ló pa á."

Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ó sì kórìíra rẹ̀ ní wákàtí kan náà, kò sì lè kúnlẹ̀, kò lè bú u. Ó jáde, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní ẹsẹ̀ lásán títí ó fi dé ìsọ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ?" ló bi Bánkọ́lé.

Bánkọ́lé mọ ohun tó ń béèrè. "Bàbá tó ti sin ọmọ, kí ni mo tún fẹ́ gbé lé e lórí?"

"Kí ìlú máa tutọ́ sí ọ lára?"

"Èmi náà jẹ̀bi. Òfin mi ni pé kì í jáde. Gbogbo ayé ni mo kọ̀ fún, mo wá jẹ́ kó jáde torí pé mo fẹ́ ọ." Ó sọ sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ pé rárá, mo ní ó dáa, sà."

"Èmi náà ní ó dáa," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Wọn kò di ara wọn mú, wọn kò rò ó pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó mú aṣọ funfun náà lórí ìṣó tí Bánkọ́lé gbé e kọ́ láti oṣù méje, ó sì fi í sápò.

Ní ọjọ́ ọjà, Bàbá Ọládèjì gbé fọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́, ó rìn gba àárín ìlú kọjá lọ sí ìsọ̀. Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e, wọ́n rò pé ìjà ni. Ó gbé àmì náà sókè, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò bo ara rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kì í sábà ṣe ẹni tó pa irọ́ ló ń gbé òtítọ́ lọ́wọ́ wá. Ó bẹ Bánkọ́lé kó gbé fọ́ọ̀kì náà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Nígbà tí ọdún yípo, àwọn ẹbí Bánkọ́lé wá. Kò sí orin, àwọn ènìyàn kò ju mẹ́wàá lọ, wọ́n fi àga kan sílẹ̀ lófìfo fún Akínwálé. Bàbá dá gbogbo ẹrù ìdána padà. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń gbà.

"Bí mo bá ní kí o ṣe ohun tí kò tọ́, kọ̀ fún mi," ló sọ fún Bánkọ́lé. "Má wo irun funfun mi. Ṣèlérí rẹ̀."

Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀, ó ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti kẹ̀kẹ́ kan wọ àgbàlá, èyí tí Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ tò fún Jùmọ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fọ́ọ̀kì Àkúrẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ojú bàbá tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan. Ó dìde, ó ní kí ọmọ òun gùn ún kí àwọn àlejò rí i.

Bánkọ́lé dìde kúrò lórí ẹní.

"Rárá, Bàbá. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bánkọ́lé fa aṣọ rẹ̀ pé kó tọrọ àforíjì. Omijé ń dà lójú Bàbá Ọládèjì, kò nù ún. Ó wá rọra jókòó padà.

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè é," ló wí.

Jùmọ̀kẹ́ wo ọkùnrin náà, ó mọ̀ pé òun ti dé ilé ọkọ. Ó yọ aṣọ funfun jáde, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ̀kẹ́ náà, Bánkọ́lé sì kúnlẹ̀ sí èkejì. Wọ́n nu ún láti ọrùn fọ́ọ̀kì dé ìsàlẹ̀, wọn kò yára, gbogbo àgbàlá sì dúró dè wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán.